Owó-orí 5% lórí epo: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ẹ jẹ́ ká béèrè bí yóò ṣe padà sọ́wọ́ aráàlú

Ìṣirò_Epo

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Nínú òfin owó-orí Nàìjíríà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025, àbala kan wà tó gbé 5% lé orí bẹntiróò, dísù àti irú wọn. Gáàsì ìdáná, kẹrosíìnì ilé, CNG àti iná oòrùn kò sí lára rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ni òfin náà wọlé, àmọ́ wọn ò lè gba 5% yìí àfi tí mínísítà ètò ìnáwó bá pàṣẹ rẹ̀ nínú ìwé ìkéde ìjọba. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kí wọ́n má dán an wò rárá. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni pé, tí wọ́n bá máa gbà á, kí owó náà máa padà sí àkáǹtì aráàlú, iye kan náà fún olórí kọ̀ọ̀kan, ọmọdé àtàgbà.

Ìṣirò rẹ̀ rè é. Lítà bẹntiróò kan, tó bá jóná tán, ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 èéfín CO₂ sáfẹ́fẹ́. Ti dísù tó 2.7. Ká mú ₦900 bí owó lítà kan. 5% rẹ̀ jẹ́ ₦45. Ká sì mú un pé mílíọ̀nù 50 lítà là ń jó lójúmọ́. Ìyẹn ₦2.25 bílíọ̀nù lójúmọ́, tàbí nǹkan bíi ₦821 bílíọ̀nù lọ́dún. Bí wọ́n bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ìnáwó ètò, tí wọ́n sì pín ìyókù fún mílíọ̀nù 220 ènìyàn, nǹkan bíi ₦3,360 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà á gba ₦20,160.

Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà tí epo tó ń jó kò bá ju lítà mẹ́jọ àtààbọ̀ lọ́sẹ̀, tí a bá ti ka èyí tó fara pamọ́ sínú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ mọ́ ọn, ló jèrè. Ẹni tó ń jó 40 lítà lọ́sẹ̀ nínú jíìpù àti jẹnẹrétọ̀ á san ₦93,600 lọ́dún. Owó tó ń padà kò sì so mọ́ epo tí ènìyàn jó: ẹni tó dín epo kù ò ní gba owó tó kéré, ẹni tó jó púpọ̀ ò sì ní gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ó yẹ kéèyàn dín epo kù, tálákà ò sì ní fara gbá a.

Dúró_Wò

Ìṣirò yín gún, àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lójú ẹsẹ̀ ni lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190, tó sì kọjá ₦500. Oṣù keje ni wọ́n tó sọ pé àwọn á fún ìdílé mílíọ̀nù 12 ní ₦8,000 lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́fà. Ariwo ta, wọ́n gbé e tì. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n tún ní ₦25,000 fún ìdílé mílíọ̀nù 15, fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó di oṣù kìíní 2024, Ààrẹ dá àwọn ètò àjọ tó ń mójú tó o dúró kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Owó epo ti gòkè tipẹ́ kí ìrànwọ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Kí ló máa mú kí ti èyí yàtọ̀?

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀gbẹ́ni Taiwo Oyedele tó ṣáájú ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó-orí ti ṣàlàyé ní 2025 pé 5% yìí kì í ṣe tuntun, pé ó ti wà nínú òfin FERMA, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, láti 2007, àti pé títún ọ̀nà ṣe ló wà fún. Ẹ wo ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ẹ fẹ́ pín owó ọ̀nà ní ₦3,360 ₦3,360 ni?

Ọmọ_Calgary

@Dúró_Wò, ìbéèrè yín gan-an ló pa irú owó-orí yìí ní Kánádà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rìn.

Oṣù kẹrin 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní dọ́là 20 lórí tọ́ọ̀nù èéfín kan, tí í ṣe sẹ́ǹtì 4.42 lórí lítà bẹntiróò. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún un títí ó fi di dọ́là 80 ní oṣù kẹrin 2024, sẹ́ǹtì 17.61 lórí lítà. Nǹkan bíi 90% owó náà ń padà sọ́dọ̀ àwọn ìdílé ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti gbà á. Ní 2024, ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé ní Alberta ń gba dọ́là 225 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọkọ tàbí aya ń gba ìdajì rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin wá ń gba 450 lápapọ̀. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní Ontario ń gba 280. Wọ́n fi 20% kún ti àwọn ará ìgbèríko, nítorí kò sí bọ́ọ̀sì tí wọ́n lè wọ̀ dípò mọ́tò wọn.

Ibi tó ti bàjẹ́: láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di 2022, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni owó náà ń wá, inú ìṣirò owó-orí ọdọọdún ni wọ́n sì ń dà á sí. Ó pòórá sáàárín àwọn nọ́ńbà mìíràn. Oṣù keje 2022 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án lọ́tọ̀, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tó wá ń wọ àkáǹtì, orúkọ tí ọ̀pọ̀ báńkì kọ sí i kò yé ẹnikẹ́ni. Ènìyàn rí i pé owó kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, kò mọ èwo. Wọ́n ti gbà á fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó máa bá àwọn báńkì fa ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn. Ẹni tí kò bá sì fi ìwé owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́, kò rí nǹkan kan gbà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó tálákà jù ló ń gbàgbé rẹ̀ jù.

Ti oṣù kẹwàá 2023 ló wá dá egbò sí i lára. Ìjọba yọ epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná kúrò lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, àwọn ìpínlẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn ló sì jẹ àǹfààní yẹn jù. Àwọn tó ń fi gáàsì mú ilé wọn gbóná béèrè pé, àwa ńkọ́? Kò sí èsì tó tẹ́ni lọ́rùn. Ọ̀gá báńkì àpapọ̀ wọn, Tiff Macklem, ti sọ pé nǹkan bíi 0.15 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ni owó-orí yẹn ń fi kún ọ̀wọ́n gógó lọ́dún, àmọ́ ìyẹn ò wọ etí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀dù iye owó nílé epo. Ọjọ́ tí Mark Carney di olórí ìjọba ní oṣù kẹta 2025 ló fọwọ́ sí i pé kí ti aráàlú di òdo láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Owó àdápadà ìkẹyìn wọlé ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin náà. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa jà fún un, ọjọ́ ìsanwó àti orúkọ tó máa hàn lórí alẹ́ẹ̀tì báńkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jà fún.

Abíọ́dún_Dípò

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí wọn á ti gbà á. Tí wọ́n bá ní ilé epo kọ̀ọ̀kan ni kó máa gbà á kó sì fi ránṣẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn: ilé epo pọ̀ jù, ẹ̀rọ wọn ò sì péye bákan náà. Ẹnu géètì ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí àti dípò tí ọkọ̀ ojú omi ń já epo sí ni kí wọ́n ti kà á, ní ibi tí tańkà ti ń gba epo. Àwọn tó máa san án níbẹ̀ kò pọ̀, ìwé ìgbépo kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà.

Ohun méjì ló yẹ kí òfin kọ sílẹ̀ kedere. Àkọ́kọ́, epo máa ń wú bí oòrùn bá mú. Lórí bẹntiróò, nǹkan bíi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni fún ìwọ̀n ooru kan. Tańkà 33,000 lítà tó gba epo nígbà tí ooru fi ìwọ̀n márùn-ún ju ti àárọ̀ lọ ń gbé nǹkan bíi 165 lítà "afẹ́fẹ́", tí ₦45 lórí rẹ̀ jẹ́ ₦7,425. Bí wọn ò bá ṣírò lítà náà sí iye tí ì bá jẹ́ ní ìwọ̀n ooru 15, ojoojúmọ́ ni ìjà máa wà láàárín dípò àti àwọn tó ń ra epo. Èkejì, ₦45 lórí tańkà 33,000 jẹ́ ₦1,485,000. Bí wọ́n bá ní kí alágbàtà epo san án kí tańkà tó jáde, báńkì ló máa yá owó yẹn, èlé rẹ̀ á sì wọ orí owó lítà. Kí wọ́n fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́.

Mi ò tún fara mọ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀. Bí lítà bá fò di ₦1,200, 5% di ₦60 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí nǹkan bá le jù fún aráàlú ló ń gòkè. Èéfín ni kí wọ́n kà, kì í ṣe owó. Kí wọ́n sọ pé ₦20 lórí kílò CO₂ kan. Bẹntiróò á san ₦46, dísù á san ₦54, kò ní yí padà àfi tí ilé ìgbìmọ̀ bá yí i.

Ẹ má sì rò pé irú ìṣirò yìí ṣàjèjì sí ìjọba. Láti 2018 ni òfin ti wà pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń wa àgbá epo 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ san dọ́là 2 lórí 1,000 ẹsẹ̀ gáàsì (cubic feet) tó bá sun dànù. 1,000 ẹsẹ̀ yẹn ń tú nǹkan bíi kílò 54 èéfín, nítorí náà nǹkan bíi dọ́là 37 ló ń san lórí tọ́ọ̀nù. Àwọn tó kéré jù ń san sẹ́ǹtì 50. ₦45 lórí lítà bẹntiróò, tí a bá ṣẹ́ dọ́là ní ₦1,500, jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 13 lórí tọ́ọ̀nù. Bí wọ́n bá máa pín owó èéfín, ó yẹ kí ti gáàsì tí wọ́n ń sun ní Niger Delta wọ inú rẹ̀, kí ìpín àwọn tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí lórí sì ju ti wa lọ.

Ọmọ_Kétu

Ẹ má gbàgbé ẹnu ibodè o. Epo tó bá ti ẹ̀gbẹ́ Ìdìrókò tàbí Ìlara kọjá wá sọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀ á ti san 5% tiẹ̀ ní dípò Nàìjíríà. Àwa tí a ń ra kpayo, epo fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní Kétu àti Pobè la máa san án, a ò sì ní gba kọ́bọ̀ padà. Fún Nàìjíríà, èrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kan ìṣirò yín: mílíọ̀nù 50 lítà yẹn kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ń jó gbogbo rẹ̀. Owó tó bá wọ àpò gan-an ni kí wọ́n pín. Bí wọ́n bá ṣèlérí iye kan tẹ́lẹ̀ lórí àbá, tí fàyàwọ́ bá dín kù lọ́dún kan, owó ò ní pé.

Ìyá_Ìbejì_Mushin

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ibi kan wà tí ẹ ò tíì dé: ṣéńjì.

Kéké tó ń jó lítà 8 lójúmọ́ á san ₦360 lé e. Bó bá gbé 80 èrò, ₦4.50 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ló ní ₦4.50 lọ́wọ́? Onímọ́tò ò lè fi ₦5 kún un, ₦50 ló máa fi kún un, nígbà míì ₦100. Èrò tó ń wọ kéké lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 300 á san ₦30,000 lé e lọ́dún nítorí owó-orí tí kò yẹ kó gbà ju ₦2,700 lọ lọ́wọ́ rẹ̀. ₦3,360 yín ò bo ìyẹn.

Ìṣirò_Epo

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ibi tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Lórí ẹrù, kò rí bẹ́ẹ̀. Trélà tó ń gbé tòmátì láti Kánò wá sí Máìlì Kejìlá ń rin nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Bó bá ń jó lítà dísù kan lórí kìlómítà méjì, 500 lítà nìyẹn. ₦54 lórí lítà jẹ́ ₦27,000, lórí ẹrù 25 tọ́ọ̀nù. Ó lé díẹ̀ ní ₦1 lórí kílò. Bó bá padà lófìfo, ká pè é ní ₦2. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó wọn 50 kílò kò yẹ kó fi ju ₦110 gòkè. Ọlọ́jà mọ iye yẹn, ẹni tó ń rà á sì lè jà á.

Owó kéké ni kò ṣe é jà. Nítorí náà mo rò pé kí wọ́n má ṣe bíi Kánádà tó ń fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún, torí ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gòkè ni ₦50 mìíràn máa gun orí owó ọkọ̀. Kí wọ́n gbé e lé orí dísù àti epo ọkọ̀ òfuurufú fún ọdún kan ná, kí bẹntiróò dúró, kí aráàlú ti máa gba owó kí ó tó kan kéké. Dísù ni àwọn ilé-iṣẹ́ àti òpó tẹlifóònù fi ń tan iná, ibẹ̀ gan-an sì ni iná oòrùn ti lè gba ipò rẹ̀ kíákíá.

Ọmọ_Calgary

Mo gbà pẹ̀lú dísù. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: bí ẹ bá yọ bẹntiróò, owó tí wọ́n máa pín á kéré gan-an, owó àdápadà tó bá kéré jù kì í ní alágbàwí. Ní Swítsàlandì, láti 2008, orí epo àti gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nìkan ni wọ́n ti ń gbà á, ó ti di 120 fráǹkì lórí tọ́ọ̀nù láti 2022. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ń padà, wọ́n ń yọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kúrò nínú owó ìbánigbófò ìlera rẹ̀, nǹkan bíi 60 fráǹkì lọ́dún. Ó ń lọ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwọn ń gba nǹkan kan. Nígbà tí òfin tó fẹ́ mú un gbòòrò dé iwájú àwọn olùdìbò ní oṣù kẹfà 2021, 51.6% kọ̀ ọ́.

Àkọsílẹ̀_NIN

Ọ̀nà tí owó máa gbà dé ọwọ́ ènìyàn ni tèmi. Àwọn tó ti ní NIN lé ní mílíọ̀nù 120. Àwọn tó ní BVN lé ní 60 mílíọ̀nù díẹ̀. Bí wọ́n bá ní àfi BVN, ìdajì á ṣubú jáde, pàápàá àwọn ìyá àgbà ní abúlé. NIN ni kí wọ́n fi ka orí, kí ẹni náà fúnra rẹ̀ wá yan ibi tí owó máa wọ̀: àkáǹtì báńkì, OPay, tàbí àkáǹtì ọ̀dọ̀ POS àdúgbò. Ti ọmọdé, kí ó máa tẹ̀lé NIN ìyá rẹ̀.

Kí wọ́n má lo ìwé orúkọ àwọn tálákà. Níbi tí ẹnì kan bá ti jókòó láti pinnu ta ló tálákà tó, ibẹ̀ ni orúkọ àná ìyàwó ọ̀gá ti ń wọlé. Gbogbo ènìyàn ni kó gbà á, Dangote náà, torí pé olówó ti san ti rẹ̀ ní ilé epo.

Ní ti ìgbà wo ni kí owó wọlé, ẹ wo Ìránì ní 2010. Kí wọ́n tó yọ ìrànwọ́ orí epo ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, wọ́n ti fi owó sí àkáǹtì ènìyàn tó lé ní 60 mílíọ̀nù, ríàlì 455,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ènìyàn ń rí owó náà lójú àkáǹtì rẹ̀, àmọ́ kò lè fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tí epo gòkè. Ìlú ò gbóná. Àṣìṣe wọn dé lẹ́yìn náà: owó tí wọ́n ń pín ju èyí tó ń wọlé lọ, wọ́n sì fi iye yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ọ̀wọ́n gógó fi jẹ ẹ́ tán.

Amòfin_Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi òfin kún un. Àbala 162 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé gbogbo owó tí ìjọba àpapọ̀ bá gbà gbọ́dọ̀ wọ àpò àpapọ̀ tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ń pín, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tó dárúkọ. Bí òfin 5% kò bá ní àpò tirẹ̀, gómìnà kan máa gba ilé-ẹjọ́ lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. VAT ni kí wọ́n wò: ó ní àpò tirẹ̀ àti ìpín tó wà nínú òfin tirẹ̀. Kí wọ́n kọ ti èyí bákan náà, kí aráàlú wà nínú ìpín, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹnu mínísítà.

Ti FERMA tí @Dúró_Wò sọ náà kan èyí. Òfin 2007 yẹn pín in ní 40% fún FERMA, 60% fún àjọ ọ̀nà ìpínlẹ̀. Bí ilé ìgbìmọ̀ kò bá tún ibẹ̀ ṣe, òfin méjì á máa fa owó kan.

Dúró_Wò

Ó ti ń yé mi. Lórí ọ̀nà, mo ṣì gbà pé owó wà fún un níbòmíràn, inú ìṣúná ọdọọdún ni kó ti wá. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ó wọ inú ohun tí ẹ máa kọ sí àwọn aṣòfin: kí owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wà ní àkáǹtì kí dípò tó gba kọ́bọ̀ kan. Bí owó ìpín kan bá sì kọjá ọjọ́ rẹ̀ láìwọlé, kí owó-orí náà di òdo láti ọjọ́ kejì, láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Abíọ́dún_Dípò

Ìyẹn ṣeé ṣe. Ìlà kan ni yóò jẹ́ lórí ìwé ìgbépo, iye tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa yí sí òdo. Kánádà náà ò fagi lé òfin wọn kí owó yẹn tó dúró, iye rẹ̀ ni wọ́n kàn sọ di òdo. Owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ wá ibi tó máa ti wá, torí tí 90% bá ń padà, ó lé ní ₦180 bílíọ̀nù, dípò ò sì tíì gba nǹkan kan nígbà yẹn. Owó ìjìyà gáàsì tí wọ́n ń sun ni mo máa kọ́kọ́ wò.